Bí Owó Bá Ní Ọjọ́ Ikú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹ jẹ́ ká ní owó tó bá wọ ọwọ́ yín lónìí máa parẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Kì í ṣe pé olè gbé e, kì í ṣe pé ọjà wọ́n. Ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Báwo la ṣe máa gbé ayé? Àwọn ìbéèrè tó sábà máa ń jáde tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ ni mo kó jọ síhìn-ín. Àwọn kan máa gba ìdáhùn gígùn, àwọn kan ò ní gbà ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Kí là ń pè ní owó tó ń kú?

Oríṣi méjì ló wà, ẹni tó bá sì pò wọ́n pọ̀ á ṣi gbogbo ìyókù gbọ́. Èkíní ń dín díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdá 10 nínú 100 ló ń bọ́ lára rẹ̀ lóṣooṣù, 100 á di 90, á di 81, á di nǹkan bíi 73. Kó tó pé oṣù méje, á ti kù díẹ̀ kó dé ìdajì. Lóṣù keje gan-an, kò ní tó ìdajì mọ́. Èkejì ń kú lójijì: ó pé 100 ṣáká títí di òru ọjọ́ tó kẹ́yìn, tí aago méjìlá bá lù, ó di òdo.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra dátà fóònù rí ti mọ irú èkejì yìí. Ó ku wákàtí kan kí dátà parí, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wa fíìmù tí ẹ ò ní wò láé sórí fóònù, torí pé ó ń dùn yín kó ṣòfò. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọjà ṣe máa rí lálẹ́ ọjọ́ tí owó máa kú, ẹ mú ìwà yẹn, kí ẹ fi lé orí gbogbo ohun tí owó ń rà.

Ta ló tiẹ̀ ro irú nǹkan báyìí?

Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Silvio Gesell. Wọ́n bí i ní 1862 nílùú Sankt Vith, tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí. Ní 1887 ó kó lọ sí Buenos Aires ní Argentina láti lọ ṣòwò, ibẹ̀ ló sì ti fojú ara rẹ̀ rí i bí ọrọ̀ ajé ṣe dẹnu kọlẹ̀ ní nǹkan bí 1890. Ohun tó ṣàkíyèsí kò ṣòro láti lóye. Irin ń dípàtà, kòkòrò ń jẹ aṣọ, èso ń rà, òṣìṣẹ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe lónìí ò lè tọ́jú agbára òní dọ̀la. Owó nìkan ni kì í jẹrà. Nítorí náà, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jókòó, kó ká ẹsẹ̀ lérí ara wọn, kó máa wo ọlọ́jà títí ọlọ́jà á fi rọ̀. Ó ní owó ìjókòó yẹn gan-an ni olówó ń gbà tó ń pè ní èlé. Àtúnṣe tó mú wá ni pé kí owó náà máa jẹrà, kí ẹni tó mú owó wá sọ́jà àti ẹni tó gbé ọjà wá lè jọ máa kánjú.

Ní oṣù kẹrin 1919, wọ́n fi í sídìí ètò ìṣúná nínú ìjọba ọlọ́jọ́ díẹ̀ kan tó dìde ní Bavaria ní Jámánì. Kò lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ó kú ní 1930, ìyẹn ọdún méjì péré ṣáájú kí ìlú kan tó sọ èrò rẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé gbọ́.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ pa owó o. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Wichmann, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Magdeburg, máa ń sọ owó fàdákà tó wà nílẹ̀ di aláìwúlò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ẹ mú mẹ́rin wá, ẹ gba tuntun mẹ́ta. Owó orí ló fi ń gbà lọ́nà àrékérekè, kò ro tẹni tó ń tajà.

Ṣé wọ́n ti dán an wò níbì kan?

Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ o, èyí tó lókìkí jù sì ni ti Wörgl ní Austria. Ìlú kékeré ni, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà kò ju bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Ní 1932, iṣẹ́ ò sí, owó orí ò wọlé, owó ìlú ti gbẹ. Olórí ìlú náà, Michael Unterguggenberger, bá tẹ owó tiwọn jáde ní oṣù keje ọdún yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sanwó fún àwọn tó ń ṣe títì àti afárá. Kódà wọ́n fi kọ́ ibi tí wọ́n ti ń fò lórí yìnyín.

Ìwé owó náà fúnra rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Oní-schilling 1 (schilling ni orúkọ owó Austria nígbà náà), oní-5 àti oní-10 ló wà, àyè kéékèèké sì wà lára rẹ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Tí oṣù bá ti yí, ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ra sítáǹpù tó jẹ́ ìdá 1 nínú 100 iye owó náà, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè oṣù yẹn. Lórí schilling 10, groschen 10 ni (groschen 100 ló wà nínú schilling kan). Owó táṣẹ́rẹ́ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ kí òun jẹ́ ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́. Ẹ wo bí ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù á ṣe rí: gbogbo èèyàn ń wá ẹni tí wọ́n máa sanwó fún. Ta ni kò lè kọ owó yìí láé? Ìlú tó tẹ̀ ẹ́. Báyìí ni àwọn tó ti jẹ owó orí sílẹ̀ tipẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń san ti ìgbà tí kò tíì tó.

Àwọn kan máa ń sọ̀tàn Wörgl bí ẹni ń sọ̀tàn iṣẹ́ ìyanu. Mi ò bá wọn débẹ̀. Ìlú náà kó ojúlówó schilling sí báǹkì láti fi ti owó yìí lẹ́yìn, ẹni tó bá sì fẹ́ lè lọ pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n yọ ìdá 2 nínú 100. Ìlú kan ni, ọdún kan àti díẹ̀ ni, lákòókò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò níṣẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n sì ṣe tán láti ṣe èyíkéyìí. Báǹkì àpapọ̀ Austria sọ pé òun nìkan ló láṣẹ láti tẹ owó, wọ́n sì fòpin sí i ní oṣù kẹsàn-án 1933. A ò lè mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ tó bá pé ọdún mẹ́wàá.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1931, ẹni tó ni iwakùsà èédú kan ní Schwanenkirchen ní Jámánì ti fi irú owó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Wära, san owó òṣìṣẹ́. Ìjọba dá ìyẹn náà dúró lọ́dún yẹn kan náà. Èyí tó ṣì wà lónìí ni Chiemgauer, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílùú Prien ní Jámánì. Òun náà ń dín díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ ní yúrò lápò, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lára.

Tó bá jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ ni, ìgbà wo ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo wọn, àwọn tó sì ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré kì í sábà béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ọjọ́ tí ẹnì kan gba owó ni wọ́n ti ń kà á, tó bá sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kíkà á tún bẹ̀rẹ̀ látorí oókan. Ó dáa. Ṣé ẹ ní ọ̀rẹ́ kan? Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ẹ fi gbogbo owó yín ránṣẹ́ sí i, kí òun náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ó tán. Owó yín ti tún di ọmọ tuntun, ẹ ò ra nǹkan kan, ẹ ò tà nǹkan kan. Láàárín oṣù kan, ẹnì kan á ti ṣe ètò orí fóònù tó ń bá èèyàn ṣe é fúnra rẹ̀. Òfin yẹn ò pa owó kankan. Àwọn tí ò lọ́rẹ̀ẹ́ ló máa pa lára.

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n tẹ owó jáde la gbọ́dọ̀ máa kà, kó má sì yí padà bó ti wù kó ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ tó. Wàhálà mìíràn dé. Ní báyìí owó méjì tí iye wọn dọ́gba ò dọ́gba mọ́. Owó tí wọ́n tẹ̀ ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn dùn-ún gbà. Ta ló fẹ́ gba èyí tó ku ọjọ́ méjì kó kú? Ọlọ́jà á kọ́kọ́ wo ọjọ́ kó tó wo iye. Ẹni tó mú owó àgbà wá á gbọ́ pé, “100 kọ́ ni mo máa gbà á o, 80 ni.” Ọjà kan náà á wá ní iye owó púpọ̀, ó di kí iye ọjọ́ tó kù lára owó yín sọ èyí tí ẹ máa san. Ohun tí owó wà fún gan-an ni pé kí ẹni tó ń gbà á má ṣe máa ronú lórí èwo ló gbà. Ìyẹn ti bàjẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí gbogbo owó kú lọ́jọ́ kan náà. Ó rọrùn láti lóye, àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn á dà bí ogun, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan náà á ṣiṣẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ dójú ikú, lẹ́yìn náà á jókòó wòran. Tí mo bá gbọ́dọ̀ yan nínú gbogbo wọn, èyí tó ń dín díẹ̀díẹ̀ ni mo máa mú. Òun ni Gesell náà mú, mo sì rò pé kì í ṣe nítorí àánú. Ó mọ ọjà ni.

Ṣé kò wá ní sí pé èèyàn ń fowó pamọ́ mọ́?

Wọ́n á máa pa nǹkan mọ́. Owó ni wọn ò ní máa pa mọ́.

Ẹ wo rán­ṣọránṣọ kan tí 100 ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí owó náà kú. Ó ti jẹun, ó ti san gbogbo ohun tó yẹ kó san. Kò fẹ́ ohunkóhun báyìí, àmọ́ ó mọ̀ pé òun máa nílò 100 lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Káfíńtà kan wà ládùúgbò tó fẹ́ ra pákó lónìí. Ránṣọránṣọ gbé 100 fún un, káfíńtà kọ̀wé pé òun jẹ ẹ́ ní 100, òun á san án lóṣù kẹfà. Nígbà tí oṣù kẹfà pé, káfíńtà fi 100 tuntun, tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá, san án. Ìwé owó àkọ́kọ́ ti kú tipẹ́, lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Gbèsè ò kú. Ohun tí a ní kó máa jẹrà ni bébà tàbí nọ́ńbà tó wà nínú fóònù. Òṣùwọ̀n tí a fi ń ka gbèsè dúró síbi tó wà.

Ẹ tún wo ẹni tó ń bẹ ẹnì kejì. Ní ayé tí a mọ̀, káfíńtà ló máa bẹ̀bẹ̀, ó sì máa dá 110 tàbí 120 padà. Níbí, ránṣọránṣọ ló ń wá ẹni tó máa bá òun gba owó. Tí kò bá rí ẹni tó máa dá 100 padà, á gbà kí wọ́n fún òun ní 95, torí 95 sàn ju òdo lọ. Ìdí nìyẹn tí Gesell fi gbà pé èlé á kú fúnra rẹ̀, láìsí òfin kankan tó fòfin de èlé.

Èésú, tí ọ̀pọ̀ ibi láyé ní irú tiwọn lábẹ́ orúkọ mìíràn, á gbilẹ̀ gan-an: owó tí gbogbo ẹgbẹ́ dá lónìí, ẹnì kan kó o lónìí, ó ná an lónìí. Kò dúró sí ibì kankan tí ikú fi lè ká a mọ́. Ẹni tó ń gba owó ojoojúmọ́ lọ́wọ́ èèyàn, tó ń tọ́jú rẹ̀ títí di ìparí oṣù, òun ló máa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, àfi tó bá di ẹni tó ń yá a jáde kíákíá.

Wàyí o, ìwé tí káfíńtà kọ fún ránṣọránṣọ ńkọ́? Ọgbọ̀n ọjọ́ ò pa á. Tí ránṣọránṣọ bá nílò nǹkan lóṣù kẹta, ó lè mú ìwé náà lọ bá ẹlòmíràn tó mọ káfíńtà, kó fi gba ọjà. Ẹni yẹn náà lè fi í san gbèsè tirẹ̀. Kí wá ni ìwé yẹn? Owó ni! Owó tí kì í kú, tí kò sí ìjọba tó tẹ̀ ẹ́. Èmi ò rí bí owó tó ń tètè kú ṣe máa wà tí kò ní bí èyí. Ọ̀nà kan ò wọjà. Tí a bá dí ọ̀nà ìpamọ́ kan, àwọn èèyàn á la òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ìwé gbèsè náà? Ìyẹn túmọ̀ sí pé a ò gbọ́dọ̀ yá ara wa ní nǹkan mọ́.

Àwọn wo ló máa jìyà rẹ̀?

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹnikẹ́ni. Níbi tí owó bá ti ń kú, ẹni tó bá ní orúkọ rere ló ní báǹkì, torí ìlérí rẹ̀ ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí òbí rẹ̀ ti kú ò ní in, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n. Lónìí, ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lè fi owó sábẹ́ ìrọ̀rí, kó má bẹ ẹnikẹ́ni. Owó tí kì í kú ni ààbò ẹni tí kò lẹ́nìkan, ohun tí àwọn tó fẹ́ràn èrò Gesell kì í sì í fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Ẹ tún ro ti aláìsàn. Ẹni tó wà lórí ibùsùn fún oṣù méjì ò lè sáré ná owó. Arúgbó tí ẹsẹ̀ ò gbé mọ́ á ní láti fi owó rán ẹlòmíràn, ẹni tó rán náà sì mọ̀ pé kò ráyè dúnàádúrà. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń fi owó oṣù falẹ̀ á gba owó tó ti di arúgbó lọ́wọ́ ọ̀gá. Tí mo bá wà nípò òfin, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa kọ ni pé kò sí ọ̀gá tó gbọ́dọ̀ san owó oṣù pẹ̀lú owó tó ti lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Ọlọ́rọ̀ ńkọ́? Kì í ṣe owó ló fi lọ́rọ̀. Ilẹ̀ ló ní, ilé ló ní, ìpín ìdókòwò ló ní. Ìwọ̀nba tó fi ń ra nǹkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ohun tó ní láyé jẹ́ owó tó wà lápò ni owó tó ń kú ń lé.

Ilẹ̀ àti wúrà ńkọ́?

Wọ́n á gbówó lórí kọjá bó ṣe yẹ. Gesell mọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ilẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní kí gbogbo ilẹ̀ di ti ìlú, kí àwọn èèyàn máa háyà rẹ̀. Àwọn tó ń mú èrò rẹ̀ nípa owó tí wọ́n ń fi ti ilẹ̀ sílẹ̀ ti gé e sí méjì. Ní 1936, John Maynard Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ èrò yìí wò. Ó bọ̀wọ̀ fún Gesell púpọ̀, ó ní èrò náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó tọ́ka sí ihò tó wà lára rẹ̀: tí ìwé owó bá ń jẹ́ kí èèyàn pàdánù, owó inú báǹkì, gbèsè ọlọ́jọ́ kúkúrú, owó ilẹ̀ òkèèrè, wúrà àti ohun ọ̀ṣọ́ á gba ipò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì rí ẹni tó dí ihò yẹn.

Ṣé èyí yàtọ̀ sí ìgbà tí owó bá ń sọ agbára rẹ̀ nù?

Ó jọ ọ́ lójú, kò jọ ọ́ nínú. Nígbà tí owó bá ń sọ agbára nù, iye ọjà ń lọ sókè, gbèsè àtijọ́ ń yọ́, ẹni tó yáni lówó ń sunkún. Ní ti owó tó ń kú, iye ọjà lè dúró sójú kan, gbèsè ò sì yọ́. Ẹni tó dì í mú nìkan ló ń san án.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìwà èèyàn á ṣe rí, ibẹ̀ la ti lè kọ́ ọ. Ní Jámánì ní 1923, wọ́n ń san owó iṣẹ́ lójoojúmọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń sáré lọ sọ́jà kí iye tuntun tó jáde. Ní Hungary ní oṣù keje 1946, iye ọjà ń di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bíi wákàtí 15. Nírú ayé bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò béèrè ohun tóun fẹ́. Ohun tó bá wà lórí àtẹ ni wọ́n ń rà. Ní Zimbabwe, ohun méjèèjì pàdé: ìwé owó tí báǹkì àpapọ̀ wọn ń gbé jáde láti 2003 lọ ní ọjọ́ ìparí tí wọ́n tẹ̀ sí i lára gbangba. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni agbára owó náà sì ti kú pátápátá kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Ṣé àwọn olè àti agbowó-ẹ̀yìn ò ní jáwọ́?

Rárá o. Olè á máa jí ọjà, agbowó-ẹ̀yìn á máa gba ilẹ̀ àti mọ́tò. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá 2016, ìjọba Íńdíà kéde lálẹ́ pé owó rupee 500 àti 1,000 ò ní jẹ́ owó mọ́. Nǹkan bí ìdá 86 nínú 100 iye owó tó wà níta nìyẹn. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń retí ni pé àwọn tó kó owó ẹ̀gbin pamọ́ ò ní lè mú un wá sí báǹkì, kó lè ṣègbé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ju ìdá 99 nínú 100 lọ tó padà wọ báǹkì. Àwọn tí wọ́n fẹ́ mú ti wá ọ̀nà gbà; àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ lójoojúmọ́ ló tò sórí ìlà.

Níbo ni iye tó bọ́ lára owó ń lọ?

Tó bá jẹ́ ti sítáǹpù, ó ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń ta sítáǹpù. Ní Wörgl, ìlú ló ń gbà á. Owó orí ni, kò sí orúkọ mìíràn tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ikú òjijì, ẹni tó tẹ owó náà ló jèrè, torí pé ìlérí kan ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá gbé irú owó yìí wá fún yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé tó bá kú sí mi lọ́wọ́, ta ló jogún rẹ̀?

Ṣé àwọn ìjọba ń lò ó báyìí?

Lọ́nà kékeré, bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1999, Japan pín ìwé ìrajà tó tó yẹ́ẹ̀nì 20,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó láwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n sì fún àwọn arúgbó kan náà, wọ́n sì ní oṣù mẹ́fà láti fi ná an. Ní oṣù kẹwàá 2020, ìlú Shenzhen ní Ṣáínà ṣẹ́ kèké, wọ́n pín yuan orí fóònù mílíọ̀nù 10 fún èèyàn 50,000, ìyẹn 200 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó parẹ́. Gúúsù Kòríà náà fi ọjọ́ ìparí sí owó ìrànwọ́ tí wọ́n pín nígbà àrùn Kòrónà lọ́dún yẹn.

Ohun tó ń dín agbára wọn kù ni pé owó gidi ṣì wà lápò àwọn tó gbà á. Ẹ ra oúnjẹ tí ẹ ti fẹ́ rà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú owó tó ń kú, owó gidi tí ẹ ì bá fi rà á wọ ibi ìpamọ́. Lójú ìwé, ẹ ti ná an tán. Ní òtítọ́, ẹ fi pamọ́ ni.

Àwọn báǹkì àpapọ̀ náà ti gba ẹ̀yìn ilé dé ibẹ̀: Denmark mú èlé wá sí ìsàlẹ̀ òdo ní 2012, ìyẹn ni pé ẹni tó tọ́jú owó sọ́dọ̀ wọn ló ń sanwó dípò kó gba èlé, ti ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀lé e ní oṣù kẹfà 2014, Japan ní 2016, tí kò sì jáwọ́ títí di oṣù kẹta 2024. Àmọ́ wọn ò lè rìn jìnnà sísàlẹ̀, torí tí ìyà bá pọ̀ jù, àwọn èèyàn á kó bébà owó jáde lọ sílé. Bébà tí kì í kú ni ìdákọ̀ró wọn.

Ṣé iṣẹ́ ò ní pọ̀ sí i, kí ayé sì dùn?

Iṣẹ́ lè pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, pàápàá níbi tí ọwọ́ ti dilẹ̀ tí irinṣẹ́ ti ń jókòó. Níbi tí gbogbo ọwọ́ bá ti kún tẹ́lẹ̀, ìkánjú yẹn á kàn gbé iye ọjà sókè ni. Ìdọ̀tí náà á pọ̀: àwọn nǹkan tí a rà torí pé owó fẹ́ kú kì í ṣe nǹkan tí à ń tọ́jú. Mo sì rò pé àwọn èèyàn á máa ra nǹkan tó lálòpẹ́ tí ọgbọ́n wọn bá ti jí, ilẹ̀kùn tó dáa dípò aṣọ mẹ́wàá, eyín tí wọ́n tún ṣe, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fún ọmọ. Irú ayé bẹ́ẹ̀ ò burú. Ṣùgbọ́n ó máa ń rẹni, torí pé kò sí ọjọ́ kan tí èèyàn lè sọ pé òun ò fẹ́ pinnu nǹkan kan lónìí.

Tí wọ́n bá sọ gbogbo owó di ti orí fóònù ńkọ́?

Ìgbà yẹn ló tó lè ṣeé ṣe pátápátá, torí kò ní sí bébà tí èèyàn máa sá tọ̀. Kò ní sí sítáǹpù, kò ní sí àyè láti gbàgbé. Nọ́ńbà á kàn máa dín lójú yín. Báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ ní kedere pé tí àwọn bá gbé yúrò orí ẹ̀rọ jáde, kò ní jẹ́ owó tí wọ́n lè pàṣẹ ohun tàbí ìgbà tí èèyàn máa ná an. Ó dáa bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Síbẹ̀, èmi á fẹ́ kó wà nínú òfin, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, kí wọ́n sì fi bébà díẹ̀ sílẹ̀ níta fún ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka ọjọ́ fún òun.